Nígbà Tí Mo Ní Orúkọ Méjì ní Ilé Ìwòsàn

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni akọ̀wé ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti ń gba oògùn ikọ́ ife jáde sí wa lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ni ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa nínú kọ̀ǹpútà ti tì í pa, torí àdéhùn wọn pẹ̀lú ìjọba ti parí. Kò sẹ́ni tó lè rí ibi tí kálukú bá oògùn dé. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí oògùn bá já lágbedeméjì, ikọ́ náà lè padà wá, kí oògùn má ràn án mọ́. Páálí oògùn tó wà nínú báàgì mi ni nọ́ọ̀sì wò lọ́jọ́ náà kó tó fún mi ní ìwọ̀nba.

Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ti gbé ètò mìíràn sínú kọ̀ǹpútà. Inú akọ̀wé ń dùn.

“Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa tì í pa mọ́ wa. Gbogbo ayé ló lè rí inú ẹ̀.”

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní Ìkòtún, tó jókòó tì mí, ní, “Gbogbo ayé kẹ̀? Àbí ìyàwó mi náà wà nínú ayé ọ̀hún?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Aránṣọ ni mí ní Egan. Ta ló máa gbé aṣọ wá fún ẹni tó ní ikọ́ ife?

Wọ́n ní ká tún orúkọ kọ, torí àkọsílẹ̀ àtijọ́ ò tíì jáde. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyá aláṣọ funfun tó ṣíwájú mi dá orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi náà dá èyí tí ìyá bàbá mi nìkan ń pè mí.

Ọkùnrin yẹn kọjú sí ìyá aláṣọ funfun, ó ní, “Ìyá, ìkómọ dà? Ẹ ò pè wá.”

“Ẹ wo iwájú yín, jàre.”

Nígbà tó yá, wọ́n rí àkọsílẹ̀ àtijọ́ gbà, wọ́n kó o sínú ètò tuntun. Mo sì ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Orúkọ tí nọ́ọ̀sì mọ̀ mí mọ́ ló kọ sára ìgò. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba èsì, orúkọ tuntun ni mo dá fún akọ̀wé.

“Màmá, kọ̀ǹpútà ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ni. Ẹ ò ṣe àyẹ̀wò kankan.”

Mo rọra sọ orúkọ kejì fún un, mo sì sọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà. Bí wọ́n ṣe ṣe ètò yẹn ni gbogbo ayé lè rí, kì í ṣe orúkọ yín. Gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń din àkàrà. Ṣé ìyẹn ní kí wọ́n wá máa jẹ tiyín?”

Ó ní tí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, àwọn á kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín, àwọn á máa retí. Ti èyí, obìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń tún un ṣe. Obìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì. Ó ṣí inú ètò náà, ó ṣe àyè tí wọ́n á ti máa so orúkọ méjì ẹnì kan pọ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n rí i pé àwọn tó ń tọ́jú mi nìkan ló lè ṣí ojú ewé mi. Lójú mi ni èmi méjì di ọ̀kan, èsì àyẹ̀wò sì yọ.

Nọ́ọ̀sì kà á. “Kò sí ikọ́ ife mọ́, mà. Oògùn ti parí.”

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.