Bọ́tìnì Pupa Tí Ìyá Kan Kọ̀ Láti Tẹ̀

Bọ́tìnì tí mo fọwọ́ ara mi yà ni ò jẹ́ kí bàbá kan tètè rí dókítà.

Èmi ni mo ṣe ojú áàpù tí àwọn ará abúlé fi ń pe áńbúláǹsì láti Kàbbà. Pupa ni mo kun bọ́tìnì ẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí i.

Lónìí, mo pàdé ìyá kan láti Òkè-Bùkún ní ọsibítù. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lu ọkọ ẹ̀ níjẹta. Áàpù wà lórí fóònù ìyá, wọ́n sì ti kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó.

Mo kí i bí a ṣe ń kíra wa nílé, mo ní, "Okun o, Màmá. Kí ló dé tẹ́ ò tẹ bọ́tìnì?"

Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ pupa la fi ń ṣòkú àgbà lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ṣì ń mí, kí n wá lọ tẹ pupa nítorí ẹ̀?"

Ọ̀kadà ló padà gbé bàbá wá. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo pe ọ̀gá mi pé ká pa àwọ̀ yẹn dà. Ó ní, "Pupa ni gbogbo ayé ń lò. Fi sílẹ̀."

Ọmọ Kàbbà ni mí o. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, àwọ̀ wo lẹ̀ bá lò? Ẹ sọ fún mi, bí mi ò tiẹ̀ rò pé ọ̀gá máa gbọ́.