Ojú Èédú Lára Pákó Qúdrát

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ni Qúdrát sọ ọ̀pẹ òyìnbó kan di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Irínwó ló ń tà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀kadà láti oko ti lé.

Opó ni Qúdrát, Ago Alaye ló ń gbé. Kì í jókòó ti ọjà rẹ̀. Láràárọ̀, á to ọ̀pẹ òyìnbó márùn-ún sórí pákó lẹ́bàá títì tó lọ sí Odigbo, á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú wọn kí èrò lè mọ iye ẹyọ kan: òkúta kan, ọgọ́rùn-ún náírà. Á gbé agolo owó síbẹ̀, á bá oko lọ. Ẹni tó bá rà á, á sọ owó sínú agolo. Ọdún mọ́kànlá rèé, owó ò dín rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì ló bá dípò ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Ọjọ́rú, bákan náà. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ti wọmi.

Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Gàzálì, ọlọ́kadà tó máa ń sinmi nídìí pákó náà. Kò rí i kó mú nǹkan kan o. Ó ṣáà jẹ́ pé ará Ṣakí ni, kì í ṣe ọmọ ibí. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, ó ká a mọ́ níṣojú èrò.

"Gàzálì, owó mi dà?"

"Owó wo, Ìyá? Èmi tí mò ń bá yín lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ọjà!"

"Ewúrẹ́ ò kúkú mọ owó ó ná."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Gàzálì ka ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ sí i lọ́wọ́. "Ẹ gbà á, Ìyá. Ìtìjú yìí ju owó lọ."

Qúdrát gbà á, àmọ́ ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó sọ fún Benson, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó háyà yàrá nílé rẹ̀.

"Màmá, ẹ fi èédú ya ojú sára pákó yẹn," Benson ní. "Nígbà tí èèyàn ṣì ń gbé inú igbó, wọ́n máa ń lé olè kúrò láàárín wọn ni. Ẹni tí wọ́n bá lé kì í pẹ́ kú, kì í bímọ. Àwọn tó ń bẹ̀rù ojú tó ń wò wọ́n ló kù, àwọn ló bí wa."

"Tíṣà, ṣé ojú èédú ló máa ríran?"

Ó yà á ṣá. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì náà ló bá. Bẹ́ẹ̀ Gàzálì ò débẹ̀ látàárọ̀.

Orí rẹ̀ dàrú. Ó mú Benson lọ sídìí pákó.

"Màmá, òkúta mélòó lẹ tò?"

"Márùn-ún." Ó kà á. Mẹ́rin ni. Ó tún un kà. Mẹ́rin. Ó ti fi ọgọ́rùn-ún kún owó nínú ọkàn rẹ̀, kò fi òkúta kún òkúta. Ohun tí òkúta wí ni gbogbo wọn san.

Ó jókòó sílẹ̀. "Kí ló wá dé tí mo fi mú Gàzálì?"

"Ẹ̀jẹ̀ náà ni, Màmá. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá tètè fura sí àjèjì ló ń yè."

"Ṣé àwọn yẹn ló pè é lólè ni, àbí èmi?"

Qúdrát na ọwọ́ sí agolo owó.

"Àwọn tó ti ń san owó wọn pé ṣáájú kí ojú tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ta ló bí wọn?"

"Àwọn kan náà ni, Màmá."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Ó wo ojú èédú, ojú èédú ń wò ó. Ó ṣa òkúta kan nílẹ̀, ó fi í kún mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n kírun tán ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, níṣojú àwọn tó rẹ́rìn-ín, Qúdrát ní, "Èmi ni mo gbàgbé òkúta," ó sì ka ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ padà sí Gàzálì lọ́wọ́.