Ìyá Àgbà Sá Bátìrì Sóòrùn

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: oòrùn pupa nínú ọyẹ́ lójú ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin, àmì dúdú méjì lára rẹ̀, àti Ìyá Àgbà tó ń sá bátìrì rédíò sí i.

Rédíò tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ṣàdédé dákẹ́. Bọ̀dá mi tó ti Èkó wálé ní ká tà á ní àlòpatì.

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù. Oòrùn ló bú gbàù, agbára rẹ̀ dí ohùn rédíò lójú ọ̀run, ló fi dákẹ́. Lọ́dún tí àmì bá pọ̀ lára rẹ̀, ó máa ń bú léraléra. Ó lọ́dún tó ń sinmi."

Bọ̀dá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Tíṣà oòrùn."

Lọ́sàn-án, Ìyá Àgbà ki bátìrì náà padà, rédíò sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Àjíkẹ́, ṣó o rí i pé bátìrì ni?"

Ta ló jàre?

Aago mẹ́sàn-án ni mo tó dùbúlẹ̀. Rédíò ṣì ń kọrin ní yàrá Ìyá Àgbà.