Oògùn Oorun Méjì Lórí Ọ̀fun Mi

Èékánná ẹsẹ̀ ni mo ń gé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nílé wa ní Sabon Gari, ní Kánò, tí ètè fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kò tíì pẹ́ tí mo lo oògùn ẹ̀yìn ríro kan tí mo rà ní kẹ́míìsì ní Zoo Road. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ètè ti wú, ọ̀fun ń fún, èémí mi ń dún bíi fèrè. Ara mi ló kọ oògùn náà.

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ̀sẹ̀, fi adaidaita, kẹ̀kẹ́ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbé mi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fi èdè Hausa kí wa: "Ya jiki?" Ní Kánò, ìdáhùn kan ṣoṣo la mọ̀ tí wọ́n bá béèrè ara aláìsàn, ì báà jẹ́ òkú la gbé dání.

"Da sauƙi," ni ìyàwó mi fọhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, pé ara ti ń fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì bá ní ká lọ jókòó ká máa dúró.

Irú ìkíni wo leléyìí! Mò ń kú lọ, ẹnì kan ń kíni! Mo gbá bẹ́ǹṣì.

"Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ fara balẹ̀ jàre," ni ìyàwó mi wí.

Mo dìde kí n bú u, ni mo bá ṣubú lulẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sáré.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi nítan kò tètè ṣí ọ̀fun. Ó di dandan kí wọ́n ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí mi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn kùn mí lóorun. Dókítà kékeré mú propofọ́ọ̀lù, funfun bíi wàrà. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin kọ̀.

"Ìfúnpá rẹ̀ ti lọlẹ̀, ìyẹn á tún fà á wálẹ̀. Mú kẹtamínì."

Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn nínú iṣan. Kẹtamínì kì í sábà já a lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè múni lá àlákálàá. Wọ́n ń jiyàn bí ẹni ń yan léèsì ní ọjà Kantin Kwari. Mo fẹ́ kígbe pé, "Ẹ mú èyíkéyìí!" Ohùn kò jáde. Èmi tí mo máa ń sọ pé n kò bẹ̀rù ikú, aṣọ nọ́ọ̀sì ni mo rọ̀ mọ́.

Kẹtamínì ló borí. Mo bá ewúrẹ́ jà lójú àlá.

Tí ẹ bá jí pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu, ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè so yín lọ́wọ́ kí ẹ má baà fà á yọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi kó tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, bí ẹni gbé yanrìn mì ni.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni mo fi ohùn àkọ́kọ́ bá wí, nítorí "Da sauƙi" rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ pariwo sí i, ẹ jẹ́ n gbọ́."

Ìbínú máa ń jẹ èémí púpọ̀. Mo dúpẹ́ pé mo tún ní èémí tí mo lè ná.