Adágún Tí Kò Sí Lẹ́yìn Ilé Rọra

Agẹrun ni ọkùnrin náà. Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún orí tí kò bá dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni ilé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú. Ẹ̀yìnkùlé gba okùn ìsáṣọ kan, ẹ̀rọ omi kan, àti bàsíà ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọṣọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ wọn títí wọ́n fi kúrò nílé, ilé náà sì tẹ́ Rọra lọ́rùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tọkọtaya kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Rọra rò pé irun ni wọ́n wá gẹ̀, ó ti ń gbọn aṣọ tó máa fi bo ọkùnrin náà lọ́rùn. Àjà ilé ni obìnrin náà ń wò ní tiẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni àtẹ̀gùn wà?"

"Àtẹ̀gùn wo?"

"Èyí tó lọ sí yàrá mẹ́rin òkè."

Ó na fóònù sí i. Ilé Rọra ló wà lórí ìkànnì àwọn tó ń polówó ilé lóòótọ́, Rọra fúnra rẹ̀ sì ń yán lẹ́nu ọ̀nà nínú àwòrán náà. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé títà ni: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá méje, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé.

"Mi ò ta ilé," ni Rọra wí. "Ká tiẹ̀ ní mò ń tà á, èyí kọ́ lẹ̀ ń wá."

Ọkùnrin náà sọ fún ìyàwó rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó jọ pé wọ́n ti rí ẹni tó máa san jù wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ò dá nílé Rọra mọ́. Ìyá àgbà kan ní ọ̀nà jíjìn lòun ti wá, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kóun fojú kan adágún náà. Ìyàwó Rọra mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi bàsíà hàn án. Ìyá náà wò ó títí.

"Ó kéré sí ti inú àwòrán," ló sọ.

Rọra bá pe iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e.

"Bàbá, a máa ń yẹ gbogbo ilé wò ká tó gbé e síta."

"Ta ló yẹ tèmi wò?"

"Kọ̀ǹpútà wa ni, sà."

"Ọmọ mi, mi ò ní òkè, mi ò ní adágún."

"Ó yé mi, sà. Ẹ ṣáà ya àwòrán adágún tí kò sí náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa."

Rọra lọ ya ẹ̀yìnkùlé, ó fi ránṣẹ́. Ọṣẹ ń hó nínú bàsíà lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti tún un kọ: adágún ìlúwẹ̀ẹ́ méjì, ọ̀kan fún àwọn ọmọdé.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ pè. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì tíì gbà pé iléèwé ti jáde.

"Ìgbà wo lẹ kọ́ òkè ilé, tẹ́nì kan ò gbọ́ nínú ẹbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí òkè. Ẹ̀yin náà sùn ní pálọ̀ wa lọ́dún tó kọjá."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Yàrá mẹ́rin ṣófo lókè, ẹ tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì fún mi nílẹ̀."

Ìyàwó Rọra gba fóònù, ó ní irọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ̀gbọ́n ní wọn kì í ṣàdédé kọ nǹkan síta fún gbogbo ayé. Ó ní òun àti gbogbo ilé òun ń bọ̀ nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ-ọmọ òun á sì mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dání. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà, àmọ́ ojú ẹ̀gbọ́n ti bà á, ìròyìn ló ṣì gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń wọ Rọra lára. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fajú ro jáde, bí ẹni pé Rọra ló jí yàrá mẹ́rin gbé nínú ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ò tún wo ilé bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló sọ nídìí oúnjẹ, "bá a bá kọ́ àtẹ̀gùn náà nìkan ńkọ́?"

Rọra dìde, ó tún pe ọmọbìnrin ọjọ́sí.

"Ẹ bá mi yọ ilé náà kúrò pátápátá."

"Kò síbi tá a ti ń kọ ọ́ pé ilé kì í ṣe títà, sà. Èyí tó wà ni 'a ti tà á'."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹsẹ̀ dá. Àwọn aládùúgbò ń wá kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà pè, inú rẹ̀ ò dùn.

"Ẹ ta ilé, ẹ ò pe ẹbí. Ibo lẹ wá kó lọ?"

Ọ̀rọ̀ ti sú Rọra. "A ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó rà á láàánú o. Ṣé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gòkè?"

"Rárá. A ò gòkè rí."

"Ó dáa. Ẹ mọ̀wọ̀n ara yín níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò lè wá há mọ́ ẹni tó ń gbé ilé onílé. Ó ní òun ti rí ilé kan tí wọ́n á gbà fún ọ̀sẹ̀ ìsinmi, lórí ìkànnì yẹn náà, ó ní òkun wà lójú fèrèsé.

Nígbà tí Rọra gbé fóònù sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá kò yẹ káwọn kìlọ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mọ̀wé," ni Rọra wí. "Ó ti kà á." Ó sì jáde lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.