Olú Tó Hù Lórí Ilẹ̀ Ọ́ìlì

Nígbà tí ọkọ Adédùntán kú ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé, láyé ìgbà tí a ṣì ń lọ Ìlọrin rí gómìnà wa, kí wọ́n tó pín ìpínlẹ̀ wa sọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Bámigbóyè ló pín ilẹ̀. Aláàánú èèyàn ni, ẹ sá gbọ́. Ibi tó ti fi háyà fún àwọn mẹkáníìkì, tí wọ́n da ọ́ìlì dúdú sí títí koríko fi kọ ibẹ̀ sílẹ̀, ló fún opó náà.

"Ìyàwó wa, ilẹ̀ ńlá mà nìyẹn o. Ejò pàápàá kì í gbé ibẹ̀."

Adédùntán dúpẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹun, kò sì ní ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ elépo ni. Níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń fún epo pupa, bó ti wù kí ilẹ̀ dúdú tó, bí ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún bá jẹrà níbẹ̀, tí olú sì hù lórí rẹ̀, ewébẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ló bá ń ru ìhá àti ìtì ọ̀pẹ jíjẹrà lọ, ó ń pò wọ́n mọ́ ilẹ̀ ọ́ìlì náà. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú.

Nígbà tí olú bo ilẹ̀ náà, Bámigbóyè ń kìlọ̀ káàkiri: "Ẹ má jẹ ẹ́ o! Ọ́ìlì ló jẹ yó!"

Òótọ́ ló sọ. Adédùntán náà ò fẹnu kàn án. Ó ń fà á tu, ó ń tún ìhá dà. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, koríko hù yọ̀yọ̀. Ìgbà náà ni Bámigbóyè rántí pé ilẹ̀ bàbá òun ni.

Nínú ẹbí wọn, ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ padà gbọ́dọ̀ jẹ ohun tó hù níbẹ̀ lójú àgbà, kí ilẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Bàbá Ọmọ́yẹlé, olórí ẹbí, sì pè wọ́n jọ. Koríko kò ṣeé jẹ. Olú ló kù. Adédùntán kúnlẹ̀, ó gbé àwo síwájú Bámigbóyè.

"Ọkọ mi, mo ti sè é. Mo fi irú sí i."

"Olú tó jẹ ọ́ìlì?"

"Ẹ jẹ owó háyà ilẹ̀ yẹn, kò pa yín. Ṣé olú rẹ̀ ló máa wá pa yín?"

"Bámigbóyè," ni Bàbá wí, "ọbẹ̀ ń tutù."

Bámigbóyè wo inú àwo. Ó dìde, ó ní ta ló sọ pé tìtorí ilẹ̀ lòun ṣe wá? Òun kàn yà kí Bàbá ni, òun gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

"Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Adédùntán, lọ kọ ebè rẹ."

Adédùntán da ọbẹ̀ náà sínú kòtò, níbi tí adìẹ kò ní lè dé, ó bo erùpẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé ọkọ́ rẹ̀.