Kí N Tó Lọ Aṣọ Tábìlì Olúwa

Bí òórùn sítáàṣì bá ti kàn mí nímú, Ọ̀kà ni ọkàn mi máa ń lọ, sí ẹ̀yìnkùlé ìyá ọkọ mi, níbi tí ìkùukùu ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láàárọ̀ bíi pé ó wá jẹun. Màmá ni wọ́n ń fọ aṣọ funfun tí a ń tẹ́ sórí tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti ìgbà tí ọkọ mi ṣì wà lẹ́yìn wọn. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí, ọwọ́ lórí itan, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ń wò ó bóyá ẹnìkan wà tí mò ń bínú sí." Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi, tíṣà ìṣirò ni mí. Lójú tèmi, omi àti ọṣẹ ló ń fọ aṣọ.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìjọ gbé iṣẹ́ náà fún mi kí Màmá lè sinmi. Mo máa ń gbé aṣọ náà lọ sílé wa ní Ìkàrẹ́, n ó fọ̀ ọ́, n ó lọ̀ ọ́, n ó sì gbé e padà wá láàárọ̀ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, Màmá na aṣọ náà sókè níwájú àwọn obìnrin ìjọ. "Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n. Funfun tèmi kọ́ nìyí." Háà! Búlúù ìfọṣọ tí mo lò sí aṣọ yẹn tó kun ilé! Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́ta gbáko, "Ẹ kú àárọ̀ mà" àti "Ó dàbọ̀ mà" nìkan ló kù láàárín wa. Ó sì ń dùn mí wọra, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó wọn ní gbogbo Ọ̀kà.

Ó di ọ̀sán Sátidé kan, ọ̀la sì ni a máa jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Kò síná, mo bá da eèédú sínú áyọ́ọ̀nù. Ọwọ́ mi ń lọ aṣọ, ẹnu mi ń bá Màmá jà. Gbogbo èsì tí mo gbé mì lọ́jọ́sí ni mò ń sọ fún ògiri. Mo dé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, mo dúró kí n lè sọ ọ́ dáadáa, áyọ́ọ̀nù náà sì dúró. Yéè! Aṣọ ti jó, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Wàyí o, aṣọ Olúwa ti pọ́n lóòótọ́.

Kò sí aṣọ mìíràn, ẹni tó sì lè mọ ohun tí a lè fi tún un ṣe ni n kò fẹ́ rí. Mo ki aṣọ bọ báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé aṣọ náà lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ìka wá ibi tó jóná, wọ́n gbé e símú.

"Ta lò ń bá jà nígbà tí ò ń lọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Ìyàwó mi, aṣọ yẹn kò pọ́n lọ́jọ́ náà. Ojú mi ni. Gbogbo nǹkan ló ń pọ́n lójú mi báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ ọ́. Dárí jì mí."

Èmi onímọ̀ ìṣirò! Mo dì mọ́ wọn, ẹ̀gúsí fọ́n ká ilẹ̀, àwa méjèèjì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé àpótí kejì wá. A jókòó, ọwọ́ lórí itan, a dákẹ́ títí ara mi fi rọ̀. Ìgbà náà la tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa ojú ibẹ̀, a sá a sóòrùn. Ó ṣí díẹ̀, kò ṣí tán. Màmá ní kí n jẹ́ kó bọ́ sábẹ́ àwo búrẹ́dì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n di ìka mi mú. Kò sẹ́ni tó rí ibi tó jó náà, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà, ọkàn mi sì fúyẹ́ ju ti gbogbo ìgbà tí mo gbé aṣọ tó mọ́ tónítóní wá lọ.

Màmá ò ríran mọ́ rárá báyìí. Wọ́n á kàn bi mí pé, "Ó funfun?" Èmi á ní, "Ó funfun, mà." Àpótí wọn sì ti wà lọ́dọ̀ mi. Gbogbo Sátidé ni mò ń jókòó sórí rẹ̀ kí n tó lọ aṣọ náà. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí eèédú á jó di eérú kí n tó lè gbé fóònù pe ẹni tí mò ń bínú sí. Tí mo bá pè é tán, n ó da eèédú mìíràn.